Ọmọ Mi Fẹ́ Máa Fi Ìwé Kíkọ Jẹun Lórí Fóònù: Ṣé Kí N Kó Owó Àjọ Lé E?

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì wa lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí owó ti fẹ́ẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ìyá kan ló kọ ọ́ láti Ìkòrò-Èkìtì. A ò ní í dárúkọ wọn. Ohun tí wọ́n wí nìyí:

"Olóòtú, mo kí yín. Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà. Ọmọ mi obìnrin ti parí ìwé rẹ̀ láti ọdún méjì, kò ríṣẹ́. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ nísọ̀, àmọ́ bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ díẹ̀, fóònù ló kù. Ó ní ìtàn lòun ń kọ, pé àwọn èèyàn ń kà á, pé òun fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ òun. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ní báyìí, ọkùnrin kan tó pàdé lórí fóònù ní òun máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé gba dọ́là, pé láàárín oṣù kan owó á ti máa wọlé. ₦80,000 ló ní kó san. Àjọ mi máa bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ yìí. Owó tí mo fẹ́ fi ra ẹrù nìyẹn. Ọmọ ń sunkún, bàbá ń bínú. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ìyá mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn, ká tó máa ṣàlàyé. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọkùnrin yẹn. Ẹ fi owó àjọ yín ra ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ọmọ yẹn ní ọ̀lẹ o, ẹ má sì gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló nídìí.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé oṣù kan péré ni dọ́là fi ń ya wọlé bí omi òjò, kí ló dé tí ọkùnrin yẹn ò jókòó síbẹ̀ kó máa gbá tirẹ̀ jọ? Kí ló ń wá lọ sọ́dọ̀ ọmọ elélùbọ́ ní Ìkòrò? Owó tó ń wọlé fún un, ₦80,000 tiyín yẹn gan-an ni! Mi ò sọ pé gbogbo ẹni tó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ lórí fóònù lolè. Ẹ̀yin télọ̀ náà ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí òbí tó fa ọmọ lé télọ̀ lọ́wọ́, á ti rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á ti wo aṣọ tó rán, á sì mọ ọmọ iṣẹ́ méjì mẹ́ta tó ti gbòmìnira níbẹ̀. Kí ọmọ yín bi ọ̀gbẹ́ni yẹn léèrè mẹ́ta pere: Níbo ni ohun tí ìwọ alára kọ wà kí n kà á? Ta lo ti kọ́ rí tó ń jẹun nídìí ẹ̀ lónìí, kí n bá a sọ̀rọ̀? Kí ló dé tó o fi ń kánjú pé kí n san án lónìí? Ẹ máa rí i pé ó máa gbé nọ́ńbà yẹn pa.

IṢẸ́ NI, KÌ Í ṢE IDÁN

Bàbá ọmọ, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn wàyí. Iṣẹ́ ni ìwé kíkọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ ló sì yẹ kó tètè yé, torí ọ̀nà méjì tí iṣẹ́ aṣọ pín sí ni tiwọn náà pín sí.

Télọ̀ kan wà, oníbàárà ló máa gbé aṣọ wá bá a. Ó wọ̀n ọ́n, ó rán an, ó gbowó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń kọ̀wé fún ẹlòmíràn: ó lè kọ ìpolówó ọjà fún oníṣòwò, ó lè túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún ilé iṣẹ́, ó lè kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn eléré orí fídíò máa sọ. Owó ibẹ̀ máa ń tètè jáde, àmọ́ bí o kò bá ránṣọ lónìí, o kò jẹun lónìí.

Télọ̀ kejì ń rán aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀. Á fi kọ́ síta kí ẹni tó bá wù wá rà á. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń kọ ìtàn tirẹ̀, tó ń wá àwọn òǹkàwé tirẹ̀, títí wọ́n fi máa mọ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n á máa san owó díẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lè rí i kà. Owó ibẹ̀ kì í yá. Ṣùgbọ́n bó bá ti dúró, ó dúró nìyẹn. Ohun tó kọ lọ́dún yìí, ẹnìkan lè rà á lọ́dún mẹ́ta sí i.

Ọlọ́gbọ́n ọmọ á gbá méjèèjì mú. Á máa rán aṣọ oníbàárà kó lè rówó jẹun, á sì máa rán tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀la.

ÀWỌN TÓ TI RÌN ÍN ṢÁÁJÚ

Ẹ má rò pé fóònù ló bí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ayébáyé, ẹni tó fi ìwé kíkọ lókìkí nílẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859, nígbà tí Henry Townsend gbé Ìwé Ìròhìn jáde l'Ábẹ́òkúta, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde, owó ẹyọ ni wọ́n sì fi ń rà á. Bébà kékeré ni, àmọ́ àwọn èèyàn mọ ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti Isaac B. Thomas. Ní ọdún 1928 ló dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀. Obìnrin yẹn ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ lorúkọ òun, pé òun ti fi ẹwà jayé láàárín ọkùnrin, pé àìsàn ti wá dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi kọ́gbọ́n. Háà! Èkó dàrú. Lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ ni wọ́n ń dúró dè é. Àwọn kan gbà pé obìnrin yìí wà láyé lóòótọ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, Thomas fúnra rẹ̀ ló ń jókòó kọ gbogbo ẹ̀! Ó kọ ọ́ títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Nígbà tó parí, ó kó o pọ̀ ó di ìwé lọ́dún kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ń pe ìwé yẹn ní ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ẹ ò rí i pé kò jókòó lọ́jọ́ kan pé òun fẹ́ kọ ìwé ńlá. Lẹ́tà kan lọ́sẹ̀ kan ló dìwé.

Ká bọ̀ wá sílé, nílẹ̀ Èkìtì wa níbí, ilé uyì, ilé ẹ̀yẹ. Ọmọ àgbẹ̀ ni Níyì Ọ̀ṣúndáre, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1947. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ní ọdún 1985 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì sínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune, kí ẹni tó ń lọ sọ́jà àti ẹni tó ń wakọ̀ lè rí i kà. Ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. Nígbà tó di ọdún 1990, ewì yẹn ti pọ̀ tó ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n pè é ní Songs of the Season. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ló fi ń jẹun ní gbogbo ìgbà yẹn. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ewì. Ọwọ́ kan ń jẹun, ọwọ́ kan ń gbìn.

Ta ni kò mọ Aláròyé? Ọdún 1985 ni Alàgbà Músá Àlàó Adédayọ̀ kọ́kọ́ gbé e jáde. Owó kò jẹ́ kó dúró. Ó tún gbé e dìde, ó tún ṣubú, ó tún gbìyànjú sí i. Oṣù Keje ọdún 1996 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tó wá di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń rà. Láti 1985 sí 1996, ọdún mélòó nìyẹn? Ọdún mọ́kànlá! Ẹni tó ń ta dọ́là oṣù kan fún ọmọ yín, kó wá ka ìyẹn.

Ti íntánẹ́ẹ̀tì gan-an náà ńkọ́? Linda Ikeji, tí àwọn ọmọ yín mọ̀ bí ẹni mowó, ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun nìkan, láìní ọ̀gá, láìní ọ́fíìsì ńlá. Ọdún bíi mélòó kan ló fi kọ ọ́ kí owó gidi tó wọlé. Owó yẹn ni gbogbo èèyàn rí, wọn ò rí àwọn ọdún tí kò sí owó.

Ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà. Wọ́n ní ọjọ́, wọn ò yẹ̀ ẹ́.

Ẹ NÁ AN BÍ ỌJÀ ỌRỌỌRÚN

Ọmọ mi tó wà ní Ìkòrò, ìwọ ni mò ń bá wí báyìí, kí ìyá rẹ bá ọ kà á bí wọ́n bá fẹ́.

Wo ọjà ọrọọrún wa. Kí ló jẹ́ kí èèyàn gbéra láti oko, kó fẹsẹ̀ rìn, kó ru ẹrù wá? Ṣebí torí ó mọ̀ pé ọjà á ná ni. Òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, ọjà á ná. Bí ọjà bá ná lónìí, tí kò ná lọ́rún tó ń bọ̀, tó tún wá ná lọ́jọ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀, ta ló máa gbé ẹrù wá síbẹ̀? Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ̀wé lórí fóònù nìyẹn. Wọ́n á kọ mẹ́fà lọ́jọ́ kan nígbà tí orí wọn yá, wọ́n á sì dákẹ́ fún oṣù méjì.

Nítorí náà, fi ọjọ́ ọjà ṣe ọjọ́ rẹ. Ní gbogbo ọrún, ìtàn kan. Má jẹ́ kó gùn. Ọ̀rọ̀ bíi 500 ti tó, ìyẹn kò ju ojú ìwé kan àti ààbọ̀ nínú ìwé àjákọ lọ. Ó wá yá, ká jọ ṣírò. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọrún ń yí po. Ọdún kan jẹ́ ọjọ́ 365. Ìyẹn ni pé ọjà ń ná nígbà 91 lọ́dún. Ìtàn 91, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ 500, ọ̀rọ̀ 45,500 nìyẹn. Odidi ìwé ni! Ó kọ ìwé kan lọ́dún kan, kò sì kúrò nísọ̀ èlùbọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Owó dátà ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ń ta yín. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 tí ìjọba ti gbà kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì owó lé owó wọn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà, pa dátà nígbà tó o bá ń kọ̀wé. Inú ìwé àjákọ ni kó o kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, tàbí inú fóònù níbi tí kò ti gba dátà. Tún un kà sókè ní òru, kí etí rẹ gbọ́ ọ. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni òǹkàwé máa ti sùn. Ìgbà tó o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ nìkan ni kó o tan dátà. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí.

Ta lo máa fi ránṣẹ́ sí? Èèyàn mẹ́wàá ti tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́: ọmọ ilé ìwé rẹ, àǹtí rẹ tó wà l'Ékòó, ìbátan yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. WhatsApp ní ọ̀nà kan tí èèyàn lè fi kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì lọ bá èèyàn 256, kí olúkúlùkù gbà á bíi lẹ́tà tirẹ̀. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà rẹ sínú fóònù tirẹ̀, kò ní í rí i gbà. Nítorí náà, ní kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà rẹ. Lẹ́yìn èyí, wá òǹkàwé tuntun kan ṣoṣo ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan péré! Bí ọdún bá fi máa yí po, mẹ́wàá àkọ́kọ́ á ti di 101.

Ká ní 30 nínú wọn gbà láti máa san ₦500 lóṣù. ₦15,000 nìyẹn. Mo mọ̀ pé bàbá máa rẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tẹ́ ẹ gbòmìnira, oníbàárà mélòó lẹ ní lọ́dún àkọ́kọ́? Bí ìyá yín ṣe bẹ̀rẹ̀ èlùbọ́, ṣé ọkọ̀ ńlá ni wọ́n fi kó o wá? Owó yìí kò tó jẹun, mi ò sì ní í purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò jẹ gbèsè kankan lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

IṢẸ́ Ń BẸ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ILÉ

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn ọmọ wa ń wá dọ́là kiri, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé náírà kọjá. Ẹ wo ilẹ̀ Èkìtì lópin ọ̀sẹ̀. Ṣé ọ̀sẹ̀ kan wà tí a kì í sìnkú àgbà? Ṣé a kì í ṣègbéyàwó? Ta ló ń kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sínú ìwé ètò ìsìnkú? Ẹ kà wọ́n wò. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, bí ẹni pé ìyá kan náà là ń sin lójoojúmọ́. Ọmọ tó bá lè jókòó ti àwọn ọmọ olóògbé, kó béèrè oko tí bàbá dá, oúnjẹ tí ìyá fẹ́ràn, oríkì ilé wọn, kó sì kọ ọ́ kó dùn, wọ́n á sanwó fún un. Wọ́n á sì sọ fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi àwòrán iṣẹ́ yín sórí WhatsApp, kí lẹ máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀? "Ẹ kàn sí wa." Ó tán! Ọmọ tó mọ̀wé kọ lè bá yín kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tó máa mú èèyàn dúró wo iṣẹ́ yín. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ń wá ẹni tó máa kọ ìwé ìpàdé. Ìyẹn náà owó ni. Ẹ ẹ̀ rí i pé kò di dandan kéèyàn ti Ìkòrò dé Amẹ́ríkà kó tó rí oníbàárà àkọ́kọ́.

Kí lo máa kọ fún àwọn òǹkàwé tìrẹ? Má jọ̀wọ́, má kọ òfófó àwọn òṣèré Èkó. Àwọn tó wà l'Ékòó á tètè gbọ́ ọ jù ọ́ lọ. Ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ tí kò sí lọ́dọ̀ wọn ni kó o tà. Ìkògòsí kò jìnnà sí ọ, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn. Ìjerò wà nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń wa tánńganran àtàwọn àlùmọ́ọ́nì mìíràn. Òkèmẹ̀sì wà níbẹ̀, ìlú Fábùnmi, níbi tí ọ̀rọ̀ ogun Kírìjí ti bẹ̀rẹ̀, ogun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọ́n kò tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ títí di 1886. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wà níbẹ̀, ìlú Agbọ́nbíofẹ́, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ òpó ààfin, tó kú lọ́dún 1945. Òpó yẹn kò ti inú igi jáde lọ́jọ́ kan. Ìyá rẹ gan-an, àwọn tí wọ́n jọ ń tajà, ìtàn tí wọ́n ń sọ nísọ̀ nígbà tí ọjà bá dá, ṣé ẹnìkan ti kọ ọ́ rí?

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀rọ ti dé tó ń dá kọ̀wé, èyí tí wọ́n ń pè ní ChatGPT, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Òótọ́ ni. Ó ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n da Gẹ̀ẹ́sì rú lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ kò dé ìsọ̀ ìyá rẹ rí. Kò mọ ohun tí wọ́n fi ń dá èlùbọ́ tó dáa mọ̀. Ohun tí ojú rẹ rí, tí etí rẹ gbọ́, ìyẹn ni ọjà rẹ.

Kó o sì kọ Yorùbá rẹ dáadáa, pẹ̀lú àmì. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń wá ohun tí ọmọ tiwọn máa kà. Kọ́lá Túbọ̀sún, ọmọ Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ YorubaName lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2015, níbi tí wọ́n ti ń kó orúkọ Yorùbá àti ìtumọ̀ rẹ̀ jọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ ẹni tó bá ní. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é ló sì fi ohun èlò tí èèyàn lè fi tẹ àmì Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí àwáwí mọ́.

Ọ̀NÀ KAN Ò WỌ ỌJÀ

Ẹ̀yin tí wọ́n ti wó ìsọ̀ yín rí, tàbí tí iná ti jó ọjà yín, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹni tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀ ju ìsọ̀ yẹn lọ, ọjọ́ tí ìsọ̀ bá lọ, oníbàárà lọ nìyẹn. Ẹni tó ní nọ́ńbà wọn nínú ìwé, á pè wọ́n pé òun ti kó lọ sí òdìkejì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé náà. Okechukwu Ofili dá OkadaBooks sílẹ̀ lọ́dún 2013, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ló ń ta ìwé wọn níbẹ̀. Lọ́jọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó kógbá sílé. Ẹni tí kò mọ àwọn tó ń ra ìwé rẹ̀ níbòmíràn, ó di kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Linda Ikeji tá a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014, àwọn tó ni ilé tó ń kọ̀wé sí, ìyẹn Google, ti ilẹ̀kùn pa mọ́ ọn lójijì, kí wọ́n tó tún ṣí i. Bí wọ́n bá lè ti ti ẹni ńlá, wọ́n lè ti tìrẹ. Nítorí náà, ní ìwé kan tí orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo òǹkàwé rẹ wà. Ìwé àjákọ ni mo wí, kì í ṣe inú fóònù nìkan. Kó o sì ní ẹ̀dà gbogbo ohun tó o bá kọ.

Ó KU Ọ̀RỌ̀ OWÓ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú. Ìkínní: iṣẹ́ tòótọ́ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kó o sanwó kí òun tó fún ọ níṣẹ́, sá fún un. Ìkejì: má sọ nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ìkẹta: bó o bá fẹ́ lọ wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó lórí Fiverr, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, o kò nílò kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ. Àmọ́ mọ̀ pé nínú 100 dọ́là tó o bá gbà, 20 ni wọ́n máa yọ. Ìkẹrin: owó ìwé, má jẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ owó èlùbọ́. Kọ ohun tó wọlé, kọ ohun tó o fi ra dátà. Bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe owó ọjà ni kó o ṣe é.

Ìkarùn-ún: ọjà 23 àkọ́kọ́, ìyẹn bí oṣù mẹ́ta, má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òǹkàwé. Jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin alákàrà náà máa ń fún èèyàn ní ẹ̀ẹ̀ta tọ́wò. Lẹ́yìn náà, kó ìtàn méjìlá tí wọ́n fẹ́ràn jù pọ̀, ṣe é ní ìwé kékeré, tà á ní iye tí ọmọ ilé ìwé lè san.

Ìyá mi, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ pe bàbá àti ọmọ jókòó. Ẹ bá a ṣe àdéhùn: wákàtí kan lójoojúmọ́ fún ìwé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu nínú wákàtí yẹn. Àwọn wákàtí yòókù, kó wà nídìí iṣẹ́, kó má fọwọ́ kan fóònù bí oníbàárà bá ń dúró. Ẹ fún un ní ọdún kan. Bí ó bá fi máa parí, tí kò bá yẹ ọjọ́ ọjà kankan, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ọ̀lẹ ni tàbí òṣìṣẹ́. Bó bá sì ń yẹ̀ ẹ́ láti oṣù kejì, ìyẹn náà á ti hàn, kò sì ní í ná yín ní ₦80,000.

Ẹ̀yin òbí mìíràn tí ọmọ yín ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bó ṣe ń lọ, ìbáà dáa, ìbáà má dáa. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ sì ń kọ ọ́, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́, kó má ju ojú ìwé kan àti ààbọ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́tà bàbá kápẹ́ńtà kan la máa yẹ̀ wò, ẹni tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sá lọ pẹ̀lú irinṣẹ́. Títí dìgbà náà, ẹ kú ọjà o.